Ta Ló Ni Káàdì Kẹta?

Trikania, Kaduna.
17 Oṣù Kejì, 2019.

Bọ́sẹ̀dé, Àjíkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àyànníyì ọkọ rẹ ńkọ́? Morádékẹ́ ọmọ mi ńkọ́? Ẹ kú ìfaradà òtútù Winnipeg o. Níbí, ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀, eruku nìkan ni kò tíì mọ̀ pé àkókò òun ti kọjá.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́, tó jẹ́ pé ìwé ni mo jókòó kọ, tí mo wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ohùn rẹ máa ń já lórí fóònù. Bó bá sì já, ọ̀rọ̀ tó kù a há sí mi láyà. Lórí ìwé, kò sẹ́ni tó máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Bí ojú ìwé kejì bá ṣókùnkùn, ìka mi ló bò ó, fara dà á.

Mo ní ẹjọ́ díẹ̀ í rò. Nígbà tí mo bá Morádékẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Yorùbá ni mo fi kí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì níbí náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá kọ́ wọn ní ẹsẹ Bíbélì ní Yorùbá tán, Hausa ni wọ́n fi ń bi mí léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Hausa tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì ti ọmọ rẹ, inú imú ló ti ń jáde. Bá mi kọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀ o.

Ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń darí ìjọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kakuri, kò sì sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn mí rí. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ìsìn parí, àbúrò bàbá Olúṣẹ̀yẹ wá mú un. Olúṣẹ̀yẹ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ọmọ àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa. Bí ọmọ ṣe rí àbúrò bàbá rẹ̀, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣé kí n wá di ọ̀nà mọ́ wọn ni? Mo fa ọmọ lé e lọ́wọ́, mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé. Kò kúkú mú un lọ síbì kankan ju ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ọmọ náà lọ ní Ungwan Romi, wọ́n sì jẹ tùwó níbẹ̀.

Àfi bí ìyá ọmọ ṣe dé tí kò bá ọmọ. Kai! Igbe tó ké, àwọn oníkẹ̀kẹ́ títì ń dúró wò ó. Fóònù àbúrò bàbá yẹn sì ti kú. Wọ́n wá a títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, ọmọ ti sùn lọ sí èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di búrẹ́dì mú. Obìnrin yìí wá kọjú sí mi lójú gbogbo ìjọ, ó ní ta ló ní kí n fún un lọ́mọ. Mo ní ṣé àjèjì ni mo fún ni? Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni!

Láti ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ tuntun yìí ti ń pe ìpàdé. Ó ní a máa tún ètò ìjọ ọmọdé tò: kí á pín wọn sọ́nà mẹ́ta bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe rí, kí olórí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ kan tó ń gba owó oṣù sì wà lórí gbogbo wọn. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Pásítọ̀ mélòó ló ti gbé ètò wá lójú mi, tó sì di ẹrù rẹ̀ lọ, tí mo ṣì wà níbẹ̀.

Bá mi ra àwọn ìràwọ̀ alálẹ̀mọ́ yẹn tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé. Èyí tí mo ń lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ níwájú orí ti tán. Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ yín níbi tí ọwọ́ mi kò tó.

Èmi ìyá rẹ.


Winnipeg.
3 Oṣù Kẹta, 2019.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ooru, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú ojú lọ́nà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì gbàgbé sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ. Ojú ìwé kejì ṣókùnkùn lóòótọ́. Mo rí ìka yín níbẹ̀ àti òrùka ìgbéyàwó yín, mo sì fẹnu kò ó. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rọra sún kúrò.

Àyànníyì ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín lórúkọ òun. Ẹ̀bi Yorùbá Morádékẹ́, èmi ni mo jẹ ẹ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì mẹ́ta tí nọ́ńbà ọmọ wà lára rẹ̀. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Àyànníyì, ẹ̀kẹta fún ẹbí kan tí a fọkàn tán, tó lè wá mú ọmọ bí àwa méjèèjì kò bá ráyè. Ẹni tí kò bá mú káàdì dání, kò lè gba ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé tèmi sílé. Ìyá àgbàlagbà kan tí a jọ ń kí ara wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò lè fún mi. Mo ní, "Ọmọ mi ni." Ó ní òun mọ̀. Màmá, Morádékẹ́ ń juwọ́ sí mi láti inú lọ́hùn-ún! Mo bínú débi pé omi bọ́ lójú mi. Àyànníyì tó ti ibi iṣẹ́ òru dé ni mo jí lójú oorun, ó gbé káàdì tirẹ̀ wá nínú yìnyín.

Nígbà tí a délé tí ara mi wálẹ̀, ni mo wá rò ó pé bí wọn kò bá fún èmi, ta ni wọ́n máa fún? Ọkàn mi sì balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, Màmá mi, ẹ má bá Pásítọ̀ bínú jù. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ náà, ẹ wo bó ṣe máa rí lára rẹ̀ nígbà tó dé tí kò bá ọmọ. Mi ò ní ẹ jẹ̀bi o. Mo kàn ní kí ẹ wò ó ni.

Káàdì kẹta tiwa ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. A ò tíì rí ẹni tí a máa fún.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Bọ́sẹ̀dé.


Trikania, Kaduna.
10 Oṣù Kẹta, 2019.

Bọ́sẹ̀dé,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Sọ fún Àyànníyì kó dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Ṣé èmi lo wá ń fi obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn kọ́ lọ́gbọ́n? Ó mọ̀ ọ́, ó mọ ọmọ, ọmọ ń juwọ́, ó ní àfi káàdì. Ohun tí o wá ń yìn fún mi nìyẹn. Mo tún ibẹ̀ kà bóyá èmi ni mo ṣì í kà.

O kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n o wà níbẹ̀, ó yẹ kí o rántí. Lọ́dún 2000 tí ìjà ẹ̀sìn da ìlú rú, a ń kọ́ orin Àjíǹde lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí èéfín. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yín. Kò sí káàdì lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Hàwáwù, ọmọ Ìlọrin tí ògiri rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì pàdé, ń gba orí ògiri ju búrẹ́dì sí wa. Bí àwọn kan bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ fún wọn pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé yẹn. Ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, mo ń sọ fún un pé, "Ó ń bọ̀. Màmá rẹ ń bọ̀." Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀, Bọ́sẹ̀dé. Ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Wọ́n sì wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Harriet ló kẹ́yìn. Ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ sùn lórí ìró mi. Ará gúúsù Kaduna ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín wa ló dàgbà sí títí Yorùbá fi di ti ẹnu rẹ̀. Díákónì kan fẹ́ mú un lọ sílé rẹ̀ kó lè jẹun gidi. Mo kọ̀. Ó ní, "Màmá Bọ́sẹ̀dé, èmi nìyí, ẹ mọ̀ mí." Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni mo máa fà á lé lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ sì fẹsẹ̀ rìn dé, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Harriet yìí kan náà ni wọ́n ń sọ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe òṣìṣẹ́ tó máa wà lórí gbogbo wa. Ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní ó mọ ètò. Ọmọ tí mo fi ìró bò! Mi ò bínú sí i. Mo kàn ń béèrè ni: ṣé èmi yìí ni kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọmọ?

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé rẹ kì í ṣe ti obìnrin ẹnu ọ̀nà. Káàdì inú dúrọ́ọ̀ yẹn ni. Morádékẹ́ mi nílùú òyìnbó, gbogbo ẹni tó lè wá mú un kò ju bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ. Mo ka ibẹ̀, mo da oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò.

Ìyá rẹ ni.


Winnipeg.
7 Oṣù Kẹrin, 2019.

Màmá mi, Ìyá Ìjọ Ọmọdé!

Ẹ kú oríire o! Ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi, àbí? Ojú ewé ṣọ́ọ̀ṣì lórí fóònù ni mo ti rí i pé ní ọjọ́ Àjíǹde ni ìjọ máa fi yín joyè Ìyá Ìjọ Ọmọdé. Mo pariwo débi pé Morádékẹ́ ju síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo pe Àyànníyì níbi iṣẹ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyẹn, pé wọn kò jẹ́ gbàgbé yín.

Ẹ rí i bí? Gbogbo àníyàn tí ẹ ń ṣe nípa ètò tuntun, wọ́n ti rò ó re. Harriet á máa sáré, ẹ̀yin á máa jókòó. Mi ò fi falẹ̀ rárá, mo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Pásítọ̀ lórúkọ gbogbo ọmọ Akínladé. Mo ní a gba oyè náà tọwọ́tẹsẹ̀, àti pé ó tó àkókò kí Màmá wa sinmi. Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, ó ní lẹ́tà náà wú òun lórí, pé òun máa kà á fún ìjọ.

Irú aṣọ wo lẹ fẹ́ wọ̀? Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò yín dáadáa o, kí wọ́n má ṣe gé orí gèlè yín kúrò.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Bọ́sẹ̀dé.


Trikania, Kaduna.
28 Oṣù Kẹrin, 2019.

Bọ́sẹ̀dé Akínladé,

Mi ò béèrè ará ilé lónìí. Mo mọ̀ pé wọ́n wà.

Ta ló ní kí o bá mi gba oyè?

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí pé o kò bi mí. Pásítọ̀ àti díákónì méjì wá sílé, wọ́n gbé ápù àti mílíìkì dání. Mi ò ṣàìsàn, mo ti fura. Wọ́n ní ìjọ fẹ́ bọlá fún mi, pé Harriet ni yóò máa darí, èmi yóò jẹ́ Ìyá Ìjọ Ọmọdé. Mo ní kí ni iṣẹ́ Ìyá Ìjọ Ọmọdé? Ọ̀kan nínú àwọn díákónì ní, "Ẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà, Màmá."

Oyè ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Bọ́sẹ̀dé! Ìwọ sì ń pariwo ayọ̀.

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Mi ò bu omi fún wọn, mi ò sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé e sórí fóònù kí wọ́n tó wá bá mi. Mo ní kò burú, màá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, màá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé rárá. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ìgbà náà ni Pásítọ̀ mú lẹ́tà rẹ jáde. "A gba oyè náà tọwọ́tẹsẹ̀." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin ń hó. Kí ni kí n ṣe? Kí n dìde láàárín wọn kí n ní ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ fún mi? Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n so ọ̀já oyè mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n sì gbé àga onítìmùtìmù pupa kan síwájú ìjọ fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn díákónì. Orí rẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti gbọ̀ngàn ẹ̀yìn. Orin tí mo kọ́ wọn ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń ṣì í kọ. Mi ò lè dìde lọ tún un ṣe. Ìyá kì í sáré láàárín ìjọ.

O ní ó tó àkókò kí n sinmi. Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?

Má kọ̀wé sí mi ná.


Winnipeg.
5 Oṣù Karùn-ún, 2019.

Màmá mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́, Àyànníyì jẹ́rìí mi.

Ẹ dárí jì mí. Níbí, bí wọ́n bá fún ènìyàn ní orúkọ tuntun níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e ga ni. Mo ti wà níbí pẹ́ débi pé mo rí oyè, mi ò bi ara mi léèrè ohun tó kù lẹ́yìn oyè. Bí mo bá wà nílé ni, n ó ti rí ojú yín nígbà tí wọ́n ń bá yín sọ ọ́, n ó sì ti mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí ojú yín.

Ṣé kí n tún kọ̀wé sí Pásítọ̀? Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe, màá ṣe é. Ẹ má kàn dákẹ́ sí mi.

Bọ́sẹ̀dé yín.


Winnipeg.
2 Oṣù Kẹfà, 2019.

Màmá mi,

Àmì méjèèjì tó wà lábẹ́ ìwé mi lórí fóònù ti di búlúù, mo mọ̀ pé ẹ ti kà á. Mo ń wò ó láràárọ̀.

Ẹ má dá èmi lóhùn bí ẹ kò bá fẹ́. Morádékẹ́ ni mo fi bẹ̀ yín. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ́ òun. Ó máa ń bi mí pé, "Màmá àgbà bínú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní Yorùbá náà.

Bọ́sẹ̀dé.


Trikania, Kaduna.
23 Oṣù Kẹfà, 2019.

Àjíkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé òtútù ti jẹ́ kí ẹ gbádùn? Òjò ti dé níbí, ọ̀nà ilé wa ti di ẹrẹ̀. Ẹ kú àlejò oòrùn, mo gbọ́ pé ó máa ń yà sọ́dọ̀ yín nírú àkókò yìí.

Mo gbọ́ ohùn Morádékẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Màmá àgbà." Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó lè bá àkókò mu. Láti ìgbà náà, mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ mọ́. O ti mọ ibi tí o máa gbà mú mi, ọmọ burúkú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kan sẹ́yìn tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Ìyá Olúṣẹ̀yẹ, obìnrin tó pariwo lé mi lórí yẹn, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Àárín ìwàásù ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá lára àga mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá, don Allah, ẹ bá mi mú Olúṣẹ̀yẹ." Èmi ló bẹ̀ o, nínú gbogbo ìjọ! Ọkọ rẹ̀ bá a wọkọ̀. Káàdì wà nínú báàgì, báàgì sì bá wọn lọ.

Mo ti gbàgbé láti sọ fún ọ pé Harriet náà ti gbé káàdì dé. Ó gé páálí, ó fi okùn sí i, mẹ́ta mẹ́ta fún ilé kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ẹni gbogbo pé ó ń so àwọn ọmọ bí ẹran Iléyá.

Nígbà tí ìsìn parí, mo gba ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú ọ̀já oyè lọ́rùn mi. Harriet wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, sannu. Ẹ kú ìsìn."

Mo ní, "Harriet, mú Olúṣẹ̀yẹ wá. Wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, èmi ló ní kí n mú un."

Ó ní, "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Káàdì ńkọ́, Màmá?"

Mo ní ó wà nínú báàgì ìyá rẹ̀. Àwọn òbí ti tò sẹ́yìn mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè fún yín."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, Màmá."

"Harriet, ta ló kọ́ ọ ní á, bí, dí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá." Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi. "Haba, Harriet! Màmá Akínladé mà ni!"

Bọ́sẹ̀dé, mo yíjú padà, mo ní kí onítọ̀hún pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ pé mo máa sọ bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń rí lẹ́nu ọ̀nà kan náà yẹn, tí Díákónì ń sọ pé, "Èmi nìyí, ẹ mọ̀ mí." Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ̀. Ọmọ tí mo torí rẹ̀ kọ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú mi yìí. Bó bá fún mi ni, orí mi á wú títí n ó fi délé. Àmọ́ tí mo bá jókòó tán, n ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ mi.

Mo ní, "Dìde. Má fún mi. Ní kí wọ́n lọ gbé àga mi wá láti iwájú, n ó dúró dè wọ́n."

Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù yẹn wá sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó. Harriet bu omi fún mi, ó sì lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó nu ojú rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ yọrí láti inú, ó ń béèrè ìyá rẹ̀ ní Hausa, "Ina Mama?" Mo ní, "Ó ń bọ̀." Ó tún béèrè, mo tún sọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Nígbà tó yá, mo gbé orin sí i lẹ́nu láti ibi tí mo jókòó sí, àwọn tó kù bá a gbè é, mo sì tún ibi tí wọ́n ti ń ṣì í kọ ṣe. Bàbá rẹ̀ ló dé pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti bí obìnrin.

Lọ́sẹ̀ kejì, Pásítọ̀ ní kí wọ́n dá àga padà síwájú ìjọ. Mo ní, "Pásítọ̀, kí lẹ fi mí jẹ?" Ó ní Ìyá Ìjọ Ọmọdé. Mo ní, "Ìjọ ọmọdé dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àga sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló wà títí di òní. Harriet ń darí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, mo ti sọ fún un lójú rẹ̀. Èmi ló ń jókòó ti àwọn tí òbí wọn kò tíì dé.

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ ló kọ́kọ́ gbé káàdì kẹta tilé wọn wá, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìyá tó kù rí i. Ní báyìí, okùn pọ̀ lọ́rùn mi bíi ti ẹni tó ń kiri okùn bàtà ní Kakuri. Ọ̀já oyè kò ríbi gbà mọ́, mo ti ká a sínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí o kọ, mo ti dárí jì ọ́. Tipẹ́tipẹ́ ni, mo kàn fẹ́ kí o jìyà díẹ̀ ni. Má tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórúkọ mi láìbi mí o! Kí Àyànníyì fún mi, kí o sì gbá ọmọ mi mọ́ra.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń rò ọ́ láràárọ̀.

Mo tún rántí nǹkan kan. Káàdì kẹta tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, fi í rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé sí mi. Ó ti láyè lọ́rùn mi. Mo mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Kaduna tó, má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Bí obìnrin ẹnu ọ̀nà bá bi Morádékẹ́ pé ta ló ni ẹ̀kẹta, kó dá a lóhùn ní Yorùbá. Kó ní, "Màmá àgbà mi ni. Ó ń bọ̀."